Lítà Ogún Tó Wà Nísàlẹ̀ Táǹkì

Jórinjórin ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí táǹkì epo ọkọ̀ náà ká. Abẹ́ ọkọ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta, ó sì ń súfèé bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lójú.

Ìyá Olóròmọ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú. Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan ló máa ń kó láti ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń sàba lé ẹyin lọ fún àwọn olóko. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi háyà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kó tó ra tirẹ̀, tirẹ̀ ọ̀hún kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin.

"Jórinjórin, ṣé ó dá yín lójú báyìí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Táǹkì mọ́kànlá ni mo ti sọ di ńlá. Tí mo bá gé e níbí, tí mo sì jó irin mọ́ ọn, epo tó máa gbà á di ìlọ́po méjì. Ẹ ó kàn máa kọjá níwájú ilé epo bí ẹni tí kò rí wọn ni."

"Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn."

Kì í ṣe pé ó ń ṣe fáàrí. Òròmọdìẹ kò fẹ́ ìdúró. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, afẹ́fẹ́ á máa gba ihò ara páálí wọlé. Bí ó bá dúró, ooru ara ẹgbẹ̀rún méjì òròmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sè wọ́n láàyè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó jìn sílé epo. Kó tó rí ẹni bá a ra epo wá, ogóje òròmọ ti kú. Olóko tó ń dúró dè é sọ ojú abẹ níkòó: tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun á wá ẹlòmíràn. Olóko yìí nìkan ló ń ra ìdajì ọjà rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo epo inú ọkọ̀ náà títí ẹ́ńjìnnì fi kú, kí táǹkì lè gbẹ kí wọ́n tó gé e, tí wọ́n sì tì í wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí.

Jórinjórin yọ jáde, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó fi ń gé irin. Ìgbà náà ni àbúrò ọkọ Ìyá Olóròmọ wọlé. Obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ níbi ìtọ́jú ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ náà ní. Òun ló ń gba ọkọ̀ wọlé lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Bẹ́ẹ̀dì onírin tó ní kí Jórinjórin bá òun tún ṣe ló wá gbé.

"Ìyàwó wa! Kí lọkọ̀ tuntun ń wá níbí?"

"Eyínmẹ́nugún, ẹ káàbọ̀." Orúkọ tí Ìyá Olóròmọ sọ ọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. "Wọ́n fẹ́ bá mi sọ táǹkì di ńlá ni."

Obìnrin náà wo ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó wo ẹ̀rọ. "Jórinjórin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan nǹkan yẹn."

"Àwọn ará ọ́fíìsì ti dé! Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ ayé máa wá sọ́dọ̀ yín."

"Tí èyí bá wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀fẹ́ la ó ṣe é. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni?"

Jórinjórin rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, ìwé tó bá ọkọ̀ wá, ṣé ẹ kà á?"

"Ó wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó dọ̀tí."

"Ẹ mú un wá kó dọ̀tí díẹ̀."

Ó ṣí i sí ojú ewé wáráńtì. "Ẹ wò ó. Fún ọdún mẹ́ta, bí nǹkan kan bá bàjẹ́ nítorí pé wọn kò ṣe é dáadáa láti ilé iṣẹ́, wọ́n á tún un ṣe láìgba owó. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá gé, tàbí tí ẹ jó, wáráńtì ti bọ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ìyẹn bá sì bà jẹ́, ọrùn yín ló wà."

"Ṣé gbogbo ọkọ̀ náà ni ò ní ní wáráńtì mọ́?"

"Rárá o. Nínú ìwé tiwa, tí gíláàsì fèrèsé bá kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀, a ó tún un ṣe. Kí ló kan fèrèsé kan táǹkì? Àmọ́ táǹkì kì í dá gbé. Pọ́ǹpù wà nínú rẹ̀, epo tó yí i ká ló ń mú kó tutù. Ike kan ń léfòó níbẹ̀, òun ló ń gbé abẹ́rẹ́ tó ń fi iye epo hàn níwájú yín sókè sódò. Tí ẹ bá gé irin lórí wọn, ẹ̀rún irin á bọ́ sínú epo, pọ́ǹpù á fà á, ó di inú ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dákú, ojú ibi tí wọ́n ti jó táǹkì ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí."

"Mo máa ń fi omi fọ táǹkì kí n tó gé e," ni Jórinjórin wí. "Èyí ni kò nílò títú tàbí fífọ̀, torí ó ti gbẹ."

"Àpá iná tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ńkọ́?"

Jórinjórin fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà kò pa Ìyá Olóròmọ lẹ́rìn-ín. "Eyínmẹ́nugún, gbogbo ẹ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n tí òròmọ bá tún kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo pàdánù olóko yẹn nìyẹn. Táǹkì yìí kéré!"

"Tí epo bá tán pátápátá, lítà mélòó ló ń gbà kó tó kún?"

"Ọgbọ̀n. Kì í jù bẹ́ẹ̀."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ fi ìka tọ ìlà kan nínú ìwé. "Àádọ́ta ni wọ́n kọ síbí."

"Irọ́ ni wọ́n pa."

"Ká ní wọn ò parọ́ ńkọ́? Ogún yòókù dà?"

Jórinjórin rọra wọ abẹ́ ọkọ̀ padà. Ó fi eegun ìka kan táǹkì lókè, ó ró gbọnrangandan bí agolo òfìfo. Ó kàn án nísàlẹ̀, ó ró dù. Ó tún un kàn.

Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Epo wà níbẹ̀ o. Epo wà níbẹ̀, iná sì ni mo fẹ́ gbé sí i."

Ìyá Olóròmọ àti Jórinjórin jọ jókòó sórí àpótí kan náà.

Ọkọ̀ mìíràn ló wá fa ọkọ̀ náà lọ síbi ìtọ́jú ọkọ̀. Mẹkáníìkì tú táǹkì, ó pe Ìyá Olóròmọ kó wá wò ó. Wọn kò ti pọ́ǹpù wọ àyè rẹ̀ dópin láti ilé iṣẹ́. Ó so rọ̀ sókè, ẹnu tó fi ń fa epo kò kan ìsàlẹ̀; ike tó ń gbé abẹ́rẹ́ náà bá a rọ̀ sókè. Lítà ogún wà lábẹ́ wọn tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mẹkáníìkì tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó dún kẹ̀, ó parí. Wọn kò gba nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Olóròmọ kó ẹgbẹ̀rún méjì òròmọ lọ sóko olóko yẹn láìdúró níbì kankan. Olóko ṣí páálí, igbe òròmọ gba gbogbo àgbàlá. "Ẹ bá mi fi ẹgbẹ̀ta kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni olóko wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tuntun, ẹ ka ìwé wáráńtì yín lónìí. Ẹ ní kí ẹnìkan kà á fún yín bí ẹ kò bá lè kà á. Ìwé kan yàtọ̀ sí òmíràn. Tí táǹkì bá kéré lójú yín, ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Wọ́n lè ní táǹkì ńlá tí wọ́n fọwọ́ sí; ẹ gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gé tirẹ̀, kó má fi pamọ́: kó bi wọ́n ohun tí wáráńtì ṣì bò, kó sì sọ fún àwọn adójútòfò (ìnṣọ́ránsì) ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí táǹkì tó gbẹ tó èyí tí a lè gbé iná sún mọ́ láìwu ẹ̀mí léwu. Tí nǹkan kan nínú ọkọ̀ yín kò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ má dá a lébi, ẹ má dá a gé. Bí àbùkù náà bá ti ilé iṣẹ́ wá, tí wáráńtì kò sì tíì tán, owó àtúnṣe rẹ̀ ti wà nínú owó tí ẹ fi rà á. Ẹ lọ gba ẹ̀tọ́ yín.