Èmi Ni Mo Ní Kí Monísọ́lá Máa Wo Ìwé Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Mo ń yan gàrí lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi ni.

"Ìyá Monísọ́lá, ẹ tètè máa bọ̀. Wọ́n mú ọmọ yín nídìí ìdánwò."

Mi ò rántí pa iná. Mo bọ́ sórí ọ̀kadà.

"Màmá, ṣé ẹnìkan kú ni?" ọlọ́kadà bi mí.

Mo ń wo iwájú, mo ń wo ẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ojú Monísọ́lá kò ríran dáadáa. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti mọ̀, láti ìgbà tó ti ń fọwọ́ wá síbí kiri lórí tábìlì. Mo dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ Ẹlúyẹmí, aládùúgbò wa níbí ní Ìlúpéjú, kò ríran, ṣe ni wọ́n ní kó máa lọ sílé níléèwé tó ń lọ. Ilé náà ló wà títí dòní, ó ń bó ẹ̀gúsí.

Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Monísọ́lá ga, ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n fi í sí. Mo sọ fún un pé: "Má sọ fẹ́nikẹ́ni o. Jókòó ti Títílọlá, kí o máa wo ìwé rẹ̀."

Nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì, ọmọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Tíṣà rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì, di ìwé méjì mú.

"Olè ìwé ni, Màmá. Ibi tí Títílọlá ti ṣi ìṣirò, ibẹ̀ náà lòun ti ṣì í. Ṣe ló na ọrùn bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu! Yóò tún kíláàsì yìí ṣe. Lọ́la, a ó pè é síta lórí ìlà kí gbogbo ọmọ rí i."

Èmi náà kúnlẹ̀. "Ẹ ṣàánú, sà. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Monísọ́lá gbójú sókè, ó ń wá ibi tí ohùn mi ti wá.

"Mọ̀mí, ṣé olè ni mí?"

Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi di olè. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé. Mo wo ilẹ̀kùn. Mo wo ọ̀gá àgbà, Ìyáàfin Èyítáyọ̀.

"Kò... kò rí pátákó, mà. Èmi ni mo ní kó máa wo ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e bí wọ́n ṣe lé ọmọ Ẹlúyẹmí."

"Ta ló ní a ó lé e?" Ìyáàfin Èyítáyọ̀ fa Monísọ́lá dìde. "Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó kàwé. Ẹni tó lé ọmọ yẹn, àṣìṣe ló ṣe."

Ó mú máàkà dúdú, ó kọ ìṣirò ìdánwò náà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gàdàgbà-gàdàgbà sórí ìwé, ó fi ọmọ sí ibi tí oòrùn kò ti ní ta sí i lójú. "Má kánjú," ó ní.

Mo jókòó, mi ò lè jókòó, mo tún dìde.

Mẹ́jọ ló gbà. Tíṣà yẹ ìwé Títílọlá wò: mẹ́rin péré.

"Àṣé ìwé ẹni tí kò mọ̀ tó o lo ń wò!" ó ní. Ó wá lóṣòó níwájú ọmọ náà. "Monísọ́lá, má bínú sí mi."

Gàrí mi jóná lọ́jọ́ náà. Ó jóná ire.

A ti lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìdó. Awò ojú ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kò mú gbogbo ìṣòro náà kúrò. Iwájú ló ń jókòó báyìí. Bí Tíṣà bá ṣe ń kọ̀wé sí pátákó ló ń kà á sókè, ó sì ń fún un ní àkókò díẹ̀ sí i nídìí ìdánwò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ojú ọmọ yín pamọ́ bí mo ti ṣe. Ẹ sọ ọ́ níléèwé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má kán ohunkóhun sí i lójú nílé. Ẹ̀yin tíṣà, ọmọ tó ń sún mọ́ ìwé ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ríran kẹ́ ẹ tó nà án. Bí awò kò bá sì tó, ọ̀nà mìíràn wà tí ọmọ lè gbà kàwé.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀. Àmọ́ mo ti lọ kan ilẹ̀kùn Ẹlúyẹmí. Lọ́jọ́ Ajé, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ máa mú ọmọ rẹ̀ padà lọ síléèwé.