Wáyà Ara Bọ́tìnì Òsì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Kánkán bá wáyà rẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀rọ. Ẹnì kan ti tú u kúrò lára bọ́tìnì òsì, ó ká a ní ìlọ́po mẹ́ta, ó sì tẹ orí rẹ̀ sínú kó má baà gún èèyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ká wáyà báyẹn nílé iṣẹ́ wọn, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti sin ín.

Bàbá Mẹ́rin ni wọ́n ń pè é, nítorí ìka mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Òun ló kọ́ Kánkán níṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kò ṣòroó yé: akọ irin wà lókè, abo irin wà nísàlẹ̀, páànù wà láàárín. Bí akọ bá já wọ inú abo, róbótó kan á gé bọ́ sínú àpótí, ihò á kù lára páànù. Ṣùgbọ́n irin ò mọ ìyàtọ̀ láàárín páànù àti ẹran ara. Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnì fi jẹ́ méjì, tí ẹ̀rọ ò ní mira àfi bí ọwọ́ méjèèjì bá tẹ̀ wọ́n pọ̀. Kánkán, tí kì í lè ní sùúrù kí omi hó, a máa fi wáyà so tòsì mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ òsì lè ráyè máa ti páànù.

"Ta ló ń bá mi ṣeré ọmọdé?" ló bi agbálẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Ìgbálẹ̀ ni mo mọ̀, n ò mọ wáyà."

Kánkán tún un so. Lọ́jọ́ kejì, wáyà tún wà lórí tábìlì, ó wà ní kíká, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú wáyà tó nípọn ju tàná lọ, ó fi ẹ̀mú lọ́ ọ pọ̀.

"Ká wo ẹni tí yóò tú èyí," ló wí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àbúrò rẹ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kánkán fi bọ́tìnì méjèèjì hàn án, ó ní kó dúró de òun; ojú ò jẹ́ kó mẹ́nu ba wáyà. Ó lọ gbé páànù tuntun. Nígbà tó fi máa bojú wẹ̀yìn, àbúrò ti ki ọwọ́ òsì bọ abẹ́ akọ irin, ó ń yọ róbótó kan tó há. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tó fi gbára lé ẹ̀rọ wà lórí bọ́tìnì ọ̀tún.

Kánkán figbe ta. Irin sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, ó dúró.

Ó sáré débẹ̀, ó fa ọwọ́ àbúrò rẹ̀ yọ, ó ka ìka rẹ̀. Márùn-ún. Ó tún un kà.

"Kí ló dé tí ẹ ń ka ìka mi, àǹtí mi?" àbúrò rọra bi í. "Ṣebí bàbá yẹn bá mi dì í mú."

"Bàbá wo?"

"Àwọn tó dúró síbí. Ìka wọn ò pé. Wọ́n ní wáyà tẹ́ ẹ so lónìí le jù, ìka mẹ́rin ò lè tú u."

Kánkán wo wáyà náà. "Kí ni wọ́n tún sọ?"

"Wọ́n ní àwọn mọ ẹni tó so wáyà lọ́jọ́ tí ìka àwọn lọ. Láti ọjọ́ náà làwọn ti mọ̀."

Ọdún méjìlá ni Kánkán ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Gbogbo ilé iṣẹ́ gbà pé àìfarabalẹ̀ bàbá ló fà á. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìtìjú bò ó, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ó gbójú sókè. Irin náà ń gbọ̀n níbi tó dúró sí, bí apá ẹni tó ti gbẹ́rù pẹ́.

"Wọ́n tún ní kí ẹ tètè," àbúrò wí, "apá ti ń ro àwọn."

Kánkán pa iná ẹ̀rọ, ó fi ẹ̀mú gé wáyà náà já. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, bàbá. Ẹ fi sílẹ̀."

Irin já lulẹ̀ gbàmù. Kò sí páànù lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ àwọn méjèèjì gbọ́ nígbà tí nǹkan kan bọ́ sínú àpótí. Kò dún bí irin. Kánkán tún ka ìka àbúrò rẹ̀, ó ka tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí nínú àwọn méjèèjì.