Èémí Káfíńtà

Inú ló bí mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo gbé ọ̀pá tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí fún un, mo ní kó fẹ́ ẹ tagbáratagbára, ẹ̀rín ló bú sí.

“Nọ́ọ̀sì, èmi tí mi ò lè fẹ́ àbẹ́là pa, èyí lẹ ní kí n fẹ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ ẹ jàre. Èèyàn pọ̀ lẹ́yìn yín.”

Káfíńtà ni. Eruku pákó ti ba àyà rẹ̀ jẹ́, asímà ò jẹ́ kó gbádùn. À ń dán oògùn tuntun wò nígbà náà fún àwọn àgbàlagbà tó ní asímà, oògùn lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fi ẹnu fà sínú láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn kan ń gba ojúlówó, àwọn kan ń gba èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, kí a lè fi wọ́n wéra. Àwa tá à ń fún wọn ò mọ èwo lèwo, àwọn náà ò mọ̀. Òṣìṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ bá ẹni tó ń lo oògùn náà fẹ́ra.

Òfin nìyẹn o. Ọkàn mi ò gbọ́.

Gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀, á ti fá irùngbọ̀n, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, síbẹ̀ eruku pákó á ṣì wà létí rẹ̀. Ọwọ́ á máa yún mi láti nù ún. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n má parọ́.

“Tí ìdánwò yìí bá ti parí, màá wá rí bàbá ẹ,” ló sọ fún mi.

“Wá ná. Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín sí àlejò.”

“Màá kan àga fún wọn. Tí wọ́n bá jókòó, wọ́n á rẹ́rìn-ín.”

Ìyá rẹ̀ ni ò gba tèmi. Wọ́n tẹ̀ lé e wá lọ́jọ́ kan, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò rí ẹlòmíì fi dán oògùn wò, àfi ọmọ mi kan ṣoṣo?”

Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde, mo sọ fún un pé oògùn tá a dán wò ṣáájú èyí já wa kulẹ̀, pé mo sunkún bí ẹni tó ṣòfò.

“Èyí ò ní já ẹ kulẹ̀,” ló wí.

Láti ìgbà náà, bó bá ti fẹ́ ọ̀pá báyìí, atọ́ka ara rẹ̀ tó ń sọ bí èémí ṣe lágbára tó á fò sókè. Dókítà àgbà ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nínú balùwẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí pé ó ti ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé-ìwòsàn, wọ́n ti fi ìbòmú atẹ́gùn bò ó lẹ́nu, àyà rẹ̀ ń ru.

“Má bínú, àyànfẹ́ mi.” Ọ̀rọ̀ ń já mọ́ ọn lẹ́nu. “Mo máa ń fa ínhélà mi àtijọ́ lẹ́yìn géètì yín kí n tó wọlé.”

Orí mi fò lọ. A ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fa ínhélà àtijọ́, èyí tó máa ń ṣí àyà fún wákàtí díẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tó bá ń bọ̀ wá fẹ́ ọ̀pá, torí kò ní jẹ́ ká mọ bí àyà ẹni náà ṣe rí gan-an.

“Kí ló dé tó o ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni?”

“Mi ò fẹ́ kó o tún sunkún.”

Yéè! Àyà rẹ̀ ti ń burú sí i látọjọ́ yìí, èmi ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ká ní a mọ̀ ni, à bá ti yọ ọ́ kúrò nínú ìdánwò ká tọ́jú ẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú.

Mi ò lójú láti lọ kí ìyá rẹ̀ títí ìdánwò fi parí. Ìgbà náà la wá mọ ohun tí kálukú gbà. Èyí tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n fún Káfíńtà mi. Irọ́ tó pa nítorí mi ń jẹ́ kí òfìfo dà bí oògùn gidi, ó kù díẹ̀ kó ba iṣẹ́ tó fẹ́ fi mú inú mi dùn jẹ́.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

“Oògùn yẹn,” ni wọ́n bi mí, “ṣé ó dáa?”

“Ó dáa, Mà. Ó ṣiṣẹ́ lára àwọn tó rí i gbà.”

“Ọmọ tèmi ńkọ́?”

Mo kàn ń mi orí. Mo rò pé wọ́n máa lé mi síta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di apá mi mú.

“Dìde,” ni wọ́n wí. “Dìde, ìyàwó ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù.”