Àkámọ́ Dà?

Ọ̀rá omi kan tí kò kún ni Fàúsát gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nígbà tí Olúgbénró kọ́kọ́ rí i. Omi ti rin etí ìborùn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń bínú yí i ká, òun sì ń rẹ́rìn-ín. Gbénró gbàgbé ohun tó bá wá.

Ẹ̀rọ tó ń rọ píọ̀ wọ́tà sínú ọ̀rá ló bá wá sí ilé iṣẹ́ náà ní Àgídìngbì. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé, ní èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ C. Ọ̀gá rẹ̀ ní Ìkẹjà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Fàúsát síṣẹ́ láti máa kọ ìwé ìtọ́ni fáwọn tó ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, obìnrin náà sì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ mákírò yìí?" ó bi í. Mákírò ni orúkọ kúkúrú tí wọ́n fi ń rọ́pò ọ̀rọ̀ gígùn nínú ètò.

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Ẹ ní kó sọ iye tí wọ́n bá fún un di ìlọ́po méjì. Wọ́n fún un ní mẹ́ta àti ọ̀kan. Ṣebí mẹ́jọ ló yẹ kó jẹ́? Ọ̀kan nìkan ló sọ di méjì, ó wá rò ó mọ́ mẹ́ta. Márùn-ún! Àkámọ́ dà?"

Ojú ti Gbénró. Ó fi àmì àkámọ́ méjèèjì yí iye náà ká kí gbogbo rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì, omi sì kún ọ̀rá.

"Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ," Fàúsát wí. "Mákírò ò mọ tọmọ o. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ ló ń gbé e lọ."

Láti ọjọ́ náà, àwọn ẹlòmíì a máa ra súyà fún ọmọge, àṣìṣe mákírò ni Gbénró ń kó lọ fún tirẹ̀, kó lè kọ ọ́ sínú ìwé.

"Olólùfẹ́, wo eléyìí. Ẹ̀ẹ̀kan la rán an níṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ́ ẹ."

"Bíi tìẹ tó o bá ń bẹ̀bẹ̀."

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba Gbénró. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ní Agége. Mùsùlùmí ìdílé Ìjẹ̀bú sì ni bàbá Fàúsát, Àlàájì Muhydeen. Gbénró rán Ṣàkírù, ẹ̀gbọ́n Fàúsát, sí Àlàájì pé òun fẹ́ kó àwọn òbí òun wá tọrọ Fàúsát ní Sátidé. Ṣàkírù dé pẹ̀lú èsì: "Bàbá ní kó o má wá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Kò gbé fóònù Fàúsát mọ́, títí obìnrin náà fi wá dúró níwájú tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ, Gbénró?"

"Àlàájì ní kí n má wá. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá Ṣàkírù ṣe jẹ́ ẹ."

Fàúsát wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Gẹ́lẹ́! Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Àkámọ́ dà? Sátidé ni Bàbá ń sọ! Wọ́n ń lọ so yìgì ọmọ àbúrò wọn ní Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń retí yín, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

Inú Gbénró dùn débi pé omi lé sí i lójú.

Lọ́jọ́ Àìkú, òun àtàwọn òbí rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun ìjọ wọn lọ́rùn. Àlàájì fà wọ́n jókòó. "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá tó bí èmi gan-an," ó wí. Ó yíjú sí Ṣàkírù. "Sọ fún ìyá rẹ pé kó wá."

"Kó wá síbo, Bàbá? Nígbà wo?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ti dé sórí ìránṣẹ́.

"Ó dáa, ọmọ mi," Àlàájì wí fún Gbénró, "kí lo wá ṣe?"

Gbénró dọ̀bálẹ̀. "Mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó, sà."

Fàúsát wúkọ́ lórí àga rẹ̀.

Gbénró gbójú sókè wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Fàúsát ni mo fẹ́ fẹ́, sà. Òun nìkan ṣoṣo, títí ọjọ́ ayé mi."

"Àkámọ́ ti pé," Fàúsát wí.