Ohùn Abọ́lá ní Kíláàsì Ẹlòmíràn

Orí tábìlì ni ọkùnrin náà dúró sí nígbà tí Abọ́lá Mákindé kọ́kọ́ rí i. Ó na ọwọ́ fóònù gba ojú fèrèsé jáde, ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti lékeléke, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Sà, ó ti kù díẹ̀! Sà, ẹ má mira!"

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni Abọ́lá ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbà. Ìdíje ìṣirò ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá ṣe ní Okokomáíkò lọ́jọ́ náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì náà, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, sà. Ṣé òrùlé lẹ fẹ́ tún ṣe ni?"

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. Ó dára lọ́kùnrin ju bó ṣe yẹ kí ẹni tó gun tábìlì dára lọ. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń wá, àǹtí. Fídíò kan ni mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó máa dúró."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ má baà ṣubú lójú wọn. Ìkànnì wà tí tíṣà ti ń rí odidi ẹ̀kọ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ilé lẹ máa ti gbé e sórí fóònù, ẹ ò tún ní wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri nínú kíláàsì."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Sherif Akínṣọlá lorúkọ rẹ̀, ìṣirò ló ń kọ́ wọn. Kí ìdíje tó parí, Abọ́lá ti fi gbogbo ìkànnì tó ń lò ránṣẹ́ sí i: ibi tí àwòrán ara ènìyàn wà, ibi tí wọ́n ti ń fi eré kọ́ ìṣirò, ibi tí tíṣà ti ń fún tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè ìdánwò. Àwọn ọmọ Sherif ló gba ife, ṣùgbọ́n inú Abọ́lá dùn délé bí ẹni pé òun ló gbé e.

Ọ̀rọ̀ ìkànnì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ohun kan ló ń dùn wọ́n: yìnyín ìlú òyìnbó ló ń bọ́ nínú ọ̀pọ̀ fídíò tí wọ́n ń rí, kò sì sí èyí tó ń sọ Yorùbá. Ni wọ́n bá pinnu láti ṣe tiwọn, ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara.

Sherif ra ọkàn àgbò wá láti ọjà Alaba Rago. Abọ́lá là á pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó ń ṣàlàyé, Sherif ń ya fídíò, ojú rẹ̀ sì ń yí padà.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ọkàn àgbò lásán lò ń sá fún?"

"Bó o ṣe ń la ti àgbò yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ lo máa la tèmi?"

"Tìẹ ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́, olówó orí mi. Mi ò tíì fa ọ̀bẹ yọ."

Bàbá Abọ́lá, Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel Mákindé, ọmọ Èkìtì, ti kọ́ni ní yunifásítì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Abọ́lá sọ fún un pé Sherif lòun fẹ́ fẹ́, kì í ṣe pé Sherif jẹ́ Mùsùlùmí ló ká a lára. Àlájà ni àbúrò tirẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ ọmọkùnrin náà ni.

"Tíṣà méjì lábẹ́ òrùlé kan? Fóònù ló tún ń bá a kọ́ ọmọ! Kó lọ wá nǹkan ṣe ná."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sherif ní akínyẹmí ara. Láìpẹ́, iléeṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀kọ́ pè é sí iṣẹ́, wọ́n sì ní àwọn á ra fídíò ọkàn náà, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sanwó nìkan ni yóò máa rí i. Ó gbà láìbi Abọ́lá léèrè.

"Nítorí ẹ ni," ó ní. "Mo fẹ́ dúró níwájú bàbá ẹ láìdorí kodò."

"Sherif, ohùn ta ni wọ́n fẹ́ tì mọ́lé? Ọ̀fẹ́ ni mo rí ohun tó sọ mí di tíṣà gidi. Tíṣà tí kò ní láàbù, tí kò ní owó, ibo ló fẹ́ yà sí?"

"Abọ́lá mi..."

"Bó o bá tà á, má wá mi mọ́."

Ó lọ. Sherif pè é títí, kò dáhùn.

Ó pẹ́ díẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú ọgbà ṣọ́jà ní Ọ̀jọ́ pe Bàbá Mákindé wá fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn. Nígbà tó padà délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi pe ọmọ rẹ̀.

"Abọ́lá, mo gbọ́ ohùn rẹ lónìí nínú ọgbà ṣọ́jà."

"Èmi kẹ̀? Mi ò dé ọ̀hún, sà."

"Mo mọ̀. Mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì kan ni mo gbọ́ ọ, ò ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn. Mo wọlé, mo jókòó láàárín àwọn ọmọ. Nígbà tó parí, ọmọbìnrin kékeré kan dìde, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi ní Yorùbá, kò ṣì í." Bàbá nu ojú rẹ̀. "Tíṣà wọn ní ọ̀fẹ́ lòun rí i lórí ìkànnì. Wọ́n kọ ọ́ sí ìparí rẹ̀ pé Abọ́lá Mákindé ló kọ́ni, Sherif Akínṣọlá ló yà á. Ọkùnrin tó fi orúkọ rẹ ṣáájú tirẹ̀ lójú ayé, mo fẹ́ rí i."

Abọ́lá ò dúró jẹun. Ó bá Sherif ní Okokomáíkò níbi tó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ.

"O ò tà á."

"Ọjọ́ kejì ìjà wa ni mo ti kọ̀ fún wọn, tí mo sì gbé e sórí ìkànnì lọ́fẹ̀ẹ́. O ò gbé fóònù."

"Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún ẹ ńkọ́?"

"Ó ti lọ. Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́."

"Má bínú. Ó yẹ kí n jẹ́ kó o sọ̀rọ̀."

"Fẹ́ mi, ìbínú á tán."

"Bí wọ́n ṣe ń bèèrè nìyẹn?"

"Tíṣà ìṣirò ni mí, ìdáhùn ni mò ń wá."

"Mo gbà," Abọ́lá wí.

Nígbà tí Sherif dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Mákindé, àtúnṣe ni bàbá fi kí i. "Nínú fídíò yín, ẹ kàn pe gbogbo rẹ̀ ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn, iṣan àlọ. Èyí tó ń gbé e padà, iṣan àbọ̀. Gbé fóònù rẹ wá, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́."

Lọ́jọ́ ìtọrọ ìyàwó, ìyá Sherif, Sàdíátù, kó àwọn ẹbí wá láti ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé kún. Àgbàlagbà kan bèèrè iṣẹ́ tí àwọn ọmọ náà ń ṣe. Bàbá Mákindé dìde fúnra rẹ̀, ó tún fìlà ṣe.

"Tíṣà ni ọmọ mi. Tíṣà ni àna mi. Tíṣà lèmi tí mo bí i. Àwọn ọmọ tí a ò mọ̀ rí ń gbọ́ ohùn wa níbi tí ẹsẹ̀ wa ò dé."

Abọ́lá ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Sherif na ọwọ́ sí i lójú gbogbo àgbà, ó dì í mú, kò sì sẹ́ni tó ní kó fi í sílẹ̀.