Ala Tí Kò Lámì

Inú wôrô-wôrô, takisí elérò púpọ̀ ní Abidjan, tó ń lọ sí Bingerville ni mo ti pàdé Mounira. Mo tẹ́ máàpù sórí itan mi, kí n tó mọ̀, igun rẹ̀ kan ti wà lórí itan tirẹ̀. Ó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi lórí fóònù.

"Pardon, tonton, quartier wo nìyí?"

Tonton, bí ẹni pé àbúrò bàbá rẹ̀ ni mí! Èmi tí irùngbọ̀n mi ò tíì kún.

"Kì í ṣe àdúgbò kankan ní Abidjan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Àgbègbè tó ń yan aṣòfin kan ṣoṣo lọ sílé ìgbìmọ̀ wọn. Àwọn kan ń ṣèwé nípa rẹ̀, èmi ni mò ń ya gbogbo ààlà tó ti ní láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn."

Mo fi abúlé kan hàn án. Odò ni ààlà nígbà kan. Nígbà tí olùdìbò pọ̀ jù lápá kan, wọ́n fa abúlé náà mọ́ òdìkejì. Nígbà tó yá, wọ́n tún dá a padà.

"Àwọn ará abúlé ńkọ́? Wọ́n kó lọ?"

"Wọn ò kúrò lójú kan. Wọ́n sùn síbì kan, wọ́n jí síbòmíràn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi dúró níwájú ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi.

Ìfẹ́ wọ̀ wá lára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ n gbádùn rẹ̀. Abidjan ni wọ́n bí Mounira sí, àmọ́ ìlú bàbá rẹ̀ ní Nàìjíríà ló bá ìlú wa pààlà, odò kan ló wà láàárín. Ìjà ilẹ̀ ti pa èèyàn níhà méjèèjì, àwọn ará ìlú wa ló sì pa àbúrò Bàbá Yessoufou, bàbá Mounira. Ìyá mi nílé ti gbà kí n fẹ́ ẹ, wọ́n ní àwọn ti sunkún tó. Bàbá Yessoufou ni kò mọ ìlú tí mo ti wá.

"Adé mi, ṣe sùúrù," Mounira a máa wí. "Tí wọ́n bá fẹ́ràn ẹ tán, on va leur dire, a ó sọ fún wọn."

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi: "Baba ti mo ala wa. Won ni ko wa." Ilé ìwé Faransé ni Mounira lọ, kì í fi àmì sórí Yorùbá.

Wọ́n ti mọ ààlà wa! Biétry tí mò ń gbé kò jìnnà sí ilé wọn ní Anoumabo, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín. Ṣé wọ́n ti gba Mounira lọ́wọ́ mi nìyẹn?

Mo bá Bàbá lórí àga ní gbàgede. Kí wọ́n tó lanu, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ foríjì wá, Bàbá. Òótọ́ ni, òdìkejì odò ni ìlú wa wà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò sí nínú ikú àbúrò yín."

Mounira tó ń gbé omi bọ̀ dúró gbagidi.

"Adé," ó ní, "àlá ni mo kọ. Àlá wa. Mo sọ fún wọn pé a fẹ́ fẹ́ra."

Mo ti fi ẹnu ara mi pa ara mi.

Bàbá ò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wọn ò ní kí n dìde.

"Àwọn òyìnbó tí ò ń ya ààlà fún," wọ́n ní, "tí wọ́n bá sún un, èèyàn mélòó ló ń kú?"

"Kò sí, Bàbá. Wọ́n á kọ̀wé tako ara wọn, wọ́n á jiyàn, ó tán."

"Ó tán." Omi lé ròrò sójú wọn. "Oko ẹ̀gẹ́ ni àbúrò mi lọ. Pákó ni wọ́n fi gbé e wálé."

Mounira kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá nu ojú wọn.

"Ẹ fẹ́ra. N kò ní ba ayé ọmọ mi jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Mounira ò gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ yín, ẹsẹ̀ ará ibẹ̀ kankan ò sì gbọ́dọ̀ tẹ ilé mi, àfi ìwọ. Ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, n kò bímọ. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Bàbá."

Mounira dì mí lọ́wọ́ mú jáde. Inú rẹ̀ ń dùn. "Wọ́n gbà, olólùfẹ́ mi. Wọ́n gbà."

Fóònù mi dún. Ìyá mi ni.

"Adélànà, mo ti ra aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìgbà wo ni kí n máa bọ̀?"

Mounira gbọ́ wọn. Mo bojú wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà Bàbá, tí ẹsẹ̀ ìyá mi ò gbọ́dọ̀ tẹ̀.