Ẹ̀kán Omi Wòlíì

Ọkùnrin náà gbé e mọ́ àyà bí ìkókó. Ó fi tówẹ́ẹ̀lì funfun wé e láti òkè délẹ̀, ó sì ń mi ẹsẹ̀ rẹ̀ láìdúró bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọkọ̀ ojú irin U-Bahn ti ń sún mọ́ Reinickendorf, ní Berlin. Dérìnsọ́lá, tó jókòó sí òdìkejì, ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ lórí fóònù. Ó wò ó títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ṣí ojú ọmọ yẹn díẹ̀. Kò ní lè mí dáadáa."

Ọkùnrin náà wo tówẹ́ẹ̀lì, ó wo ọmọbìnrin náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí kì í mí, àǹtí. Ojú nìkan ló ní."

Ó ṣí i. Máíkírósíkóòpù àtijọ́ kan ni, onírin dúdú, tí dígí kékeré wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti fi mú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní báólọ́jì fẹ́ jù ú nù.

"Ẹ̀yin wá pọ̀n ọ́n lọ sílé?"

"Wọn kì í pọ̀n ọ́n. Ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń gbé e: ọ̀kan ní apá, ọ̀kan lábẹ́ ìdí."

Tọ́baọlá lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbójú sókè, ọkọ̀ ti gbé àwọn méjèèjì kọjá ibi tí wọ́n ń lọ.

Hamburg ni Dérìnsọ́lá ń gbé, ní Osdorfer Born, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó. Ó wá kí àbúrò ìyá rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀, Wòlíì Adéníjì, ti kú, kò lè jókòó lójú kan pẹ́. Yóò ṣí fèrèsé, yóò tì í. Yóò wọ bàtà láìmọ ibi tó ń lọ. Tọ́baọlá náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Bí ó bá wá sí Hamburg lópin ọ̀sẹ̀, àwọn méjèèjì a máa rìn létí odò Elbe títí ẹsẹ̀ yóò fi máa dùn wọ́n, bí ẹni pé bí wọ́n bá jókòó, nǹkan yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Mo fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀ nípa wa," ni Tọ́baọlá wí ní ọdún 2007.

Dérìnsọ́lá mi orí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ Berlin ni wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní bàbá mi lọ, èmi náà fẹ́ lọ. Bí wọn ò bá súre fún wa, Tọ́ba, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Wá kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sátidé. Bí wọ́n bá rí ọ láàárín àwọn ọmọ, ọkàn wọn á rọ̀."

Dérìnsọ́lá ṣèlérí láti bu omi adágún wá fún ẹ̀kọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà ní Rothenburgsort, nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan. Tọ́baọlá bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo ènìyàn, ó to ohun èlò rẹ̀ sórí tábìlì. Ó fi awò alọ́wọ́ tó ń sọ nǹkan di ńlá han àwọn ọmọ. Ó fi èyí tí wọ́n ń fi ojú méjèèjì wò hàn wọ́n, èyí tó dára fún kòkòrò àti òdòdó lódindi. Ó sọ fún wọn nípa èyí tó wà ní yunifásítì, tó ga ju ènìyàn lọ, tí kì í lo ìmọ́lẹ̀ rárá, tó lè fi kòkòrò àrùn tó kéré jù lọ hàn. Lẹ́yìn náà ló wá fa onírin dúdú súnmọ́ fèrèsé.

"Und wo ist das Wasser? Omi náà dà?" ni Roseline, ọmọbìnrin onírun dídì kan, bèèrè.

Dérìnsọ́lá kò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Tọ́baọlá rí ìgò kan lójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, tí omi inú rẹ̀ ti ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Ó rò pé Dérìnsọ́lá ló ti gbé e síbẹ̀ fún òun.

Ó kán omi náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ó sì fi fasilíìnì lẹ etí rẹ̀ yí ká kí omi náà má baà gbẹ. "Awò tó kéré jù lẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ má kánjú. Bí ẹ bá ń sún un súnmọ́ gíláàsì, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má baà fọ́ ọ. Ojú kejì ńkọ́? Ẹ má di í."

"Es lebt!" ni Roseline ké. "Ó wà láàyè!"

Nígbà tí wọ́n parí, Roseline, tó fẹ́ràn ìmọ́tótó, da ìyókù omi nù, ó fọ ìgò náà mọ́ tónítóní, ó da ojú rẹ̀ dé. Ìgbà náà ni Dérìnsọ́lá wọlé pẹ̀lú ìgò omi adágún lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, nínú sùtánà funfun.

Màmá rí ìgò tó dojú dé. Kò pariwo. Ó jókòó.

"Omi tí ọkọ mi yà sí mímọ́ ní Sunday tó kẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn," ló wí. "Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìwọ fi ṣeré ọmọdé."

"Mà, mi ò mọ̀..."

"Padà sí Berlin rẹ."

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, Tọ́baọlá kò rójú jẹun. Ó pe Dérìnsọ́lá.

"Kí ló dé tí o ò bi ẹnikẹ́ni?" ni ọmọbìnrin náà wí.

"Mo kánjú, olólùfẹ́ mi. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má kánjú, èmi fúnra mi kánjú."

Bí ó ti ń rìn síwá-sẹ́yìn nínú yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ta àpótí ohun èlò nípàá, gíláàsì pẹlẹbẹ kan tí fasilíìnì ṣì wà létí rẹ̀ sì yọ. Ó gbé e sábẹ́ awò. Ó wò ó. Ó nawọ́ mú kóòtù rẹ̀.

Dérìnsọ́lá ló ṣílẹ̀kùn fún un ní Osdorfer Born, ní àjà òkè pátápátá. Màmá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tọ́baọlá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé máíkírósíkóòpù, nítorí náà ó kúnlẹ̀ bí obìnrin.

"Kí lo tún gbé wá?" ni Màmá bèèrè.

"Èyí tó ṣẹ́ kù, mà."

Wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ má di ojú kejì, mà. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀."

Ó yí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nínú ìmọ́lẹ̀ roboto náà, àwọn nǹkan kéékèèké aláwọ̀ ewé ń yí, wọ́n ń kọjá lára wọn.

"Wọ́n ń rìn," ló wí jẹ́ẹ́. "Nínú omi Bàbá Dérìn?"

"Nínú rẹ̀ ni, mà."

Ó wò ó títí. "Omi ìyè ni wọ́n máa ń pè é nínú àdúrà. Èmi sì dé e mọ́ ìgò." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣé wọ́n á pẹ́ níbẹ̀?"

Tọ́baọlá kò purọ́ fún un. "Rárá, mà. Ibẹ̀ ti há jù. Àfi ká tú wọn sínú omi tó gbòòrò."

Màmá wo ọmọ rẹ̀, tó ti tún dìde tó ń rìn káàkiri yàrá.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí. "Gbé ẹ̀rọ yẹn dání. Mo tún fẹ́ rí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lórí bẹ́ǹṣì kan létí adágún, Màmá wò wọ́n níkẹyìn. Lẹ́yìn náà ló fúnra rẹ̀ ṣí gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà, ó gbàdúrà ráńpẹ́, ó sì ṣan ẹ̀kán omi ọkọ rẹ̀ sínú adágún.

Ó padà wá síbi bẹ́ǹṣì. Ó gbé máíkírósíkóòpù náà kí Tọ́baọlá tó nawọ́ sí i, ọwọ́ kan ní apá rẹ̀, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí.

"Bí o ṣe kọ́ àwọn ọmọ nìyí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Gbé ọmọ mi náà bẹ́ẹ̀." Ó kọjú sọ́nà ilé, ó ń rọra lọ.

Ọwọ́ Tọ́baọlá méjèèjì ti ṣófo. Ó fi wọ́n di ọwọ́ Dérìnsọ́lá mú. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sì yára dìde.